Níbo Ni Jàǹbá Náà Yóò Mọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ààbò àti Ìfaradà Ètò Microservice

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ kóòdù, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ààbò, wọ́n tún ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí sọ́fítíwíà ṣe lè fara da ìṣòro láì dojú dé. Orí ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n pè é nínú ìwé ìpè. Èmi ò rí méjì níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àwòrán ètò tuntun síwájú mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: bí apá kan níbí bá bàjẹ́ lónìí, níbo ni jàǹbá náà yóò mọ? Ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ ló kú, ìbáà jẹ́ pé olè ló wọ ibẹ̀, ìbéèrè kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán yẹn. Ẹni tó bá ń ya ètò microservice, ìyẹn sọ́fítíwíà ńlá tí wọ́n gé sí ẹ̀ka kéékèèké tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á ya àpótí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, á wá fi ọfà so wọ́n pọ̀. Inú àpótí ni ojú gbogbo èèyàn máa ń lọ: ẹ̀ka tó ń gba ìbéèrè ìrajà, ẹ̀ka ìsanwó, ẹ̀ka tó ń ka iye ọjà tó kù, ẹ̀ka tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́. Ọfà ni èmi máa ń wò. Nígbà tí gbogbo iṣẹ́ ṣì wà nínú sọ́fítíwíà kan, tí apá kan bá pe èkejì, inú mẹ́mórì ẹ̀rọ kan náà ni ìpè náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì parí sí. Kò lè sọnù lọ́nà, kò sì sẹ́ni tó lè lúgọ sójú ọ̀nà gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí a gé e sí wẹ́wẹ́ ni ìpè kọ̀ọ̀kan di ìrìnàjò orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó lè pẹ́. Ó lè sọnù. Ó lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíì lè gbọ́ ọ, ẹlòmíì sì lè díbọ́n pé òun ló rán an. Peter Deutsch, nígbà tó wà ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun Microsystems, ṣàkójọ àwọn ohun tí àwọn tó ń kọ irú ètò yìí máa ń gbà gbọ́ lásán. Èyí tó ṣáájú ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í já. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ààbò. Àkójọ kan náà ni méjèèjì wà látìgbà náà.

Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti fi í ṣàwàdà ní 1987 pé, lórí irú ètò báyìí, kọ̀ǹpútà tí o ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé lè kú kí tìrẹ má sì ṣeé lò mọ́. Àwàdà ni, àmọ́ ìṣirò wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀ka kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìdá 99.9 nínú 100 àkókò kò burú rárá. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 péré ni kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè oníbàárà kan bá gbọ́dọ̀ gba inú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ 10 kọjá, tí ìkùnà ọ̀kan ò sì ní í ṣe pẹ̀lú ti èkejì, gbogbo rẹ̀ á já sí ìdá 99. Ìyẹn lé ní wákàtí 7 lóṣù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka 30, ó ti lé ní wákàtí 21. Ẹ ò rí i pé kò sí ẹgbẹ́ kankan tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìdáa. Iye ọfà ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ìbéèrè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Oníbàárà kan tẹ bọ́tìnnì "Sanwó". Ẹ̀ka ìrajà pe ẹ̀ka ìsanwó, ó ń dúró. Ẹ̀ka ìsanwó pe báńkì, báńkì yọ owó, ó sì dáhùn, àmọ́ ìdáhùn náà falẹ̀ lọ́nà. Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni ẹ̀ka ìrajà fún ara rẹ̀ láti dúró. Àkókò pé, kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni kó ṣe? Ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ ti kọ ọ́ pé bí kò bá rí ìdáhùn, kó tún un gbìyànjú. Ó tún un gbìyànjú. Báńkì yọ owó lẹ́ẹ̀kejì.

Àìgbọ́ ìdáhùn kò fi hàn pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan lọ sílé nínú apá yìí, ẹ mú ìyẹn. Oògùn rẹ̀ ni nọ́ńbà àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní idempotency key. Ìgbà tí oníbàárà tẹ bọ́tìnnì ni kí ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀, kí ìpè àkọ́kọ́ tó jáde, kí nọ́ńbà kan náà sì máa tẹ̀ lé gbogbo àtúngbìyànjú. Mo ti rí kóòdù tó ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà tuntun fún ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ àṣedànù gbáà ni. Lọ́wọ́ ẹ̀ka ìsanwó, kí ó kọ nọ́ńbà náà sínú dátábéèsì kó tó pe báńkì, kó sì fi nọ́ńbà kan náà ránṣẹ́ sí báńkì bí báńkì bá ń gbà á. Bí nọ́ńbà náà bá tún padà wá, ìdáhùn ti tẹ́lẹ̀ ni kó fún un, kó má ṣiṣẹ́ náà mọ́. Ìdí kan wà tí mi ò fi ya ààbò sọ́tọ̀ níbí: bí ẹ ò bá so nọ́ńbà yẹn mọ́ oníbàárà tó ni ín, ẹlòmíì tó bá mọ nọ́ńbà náà lè fi béèrè ìdáhùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí ẹ ṣe nítorí ìfaradà á wá di ilẹ̀kùn fún olè.

Àtúngbìyànjú tún ní àléébù míì. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ka márùn-ún tò tẹ̀ lé ara wọn, ìpè mẹ́rin á wà láàárín wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, ìbéèrè kan ṣoṣo láti òkè lè di 81 kó tó dé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló ń ṣàìsàn o! Ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe ìkọlù tí ọ̀tá ìbá ṣe sí wa. Ibì kan ṣoṣo nínú ẹ̀wọ̀n yẹn ni kó máa tún un gbìyànjú, ó sàn kó jẹ́ òkè. Kí àkókò ìdúró sì máa di ìlọ́po méjì láti ìgbìyànjú dé ìgbìyànjú, kí ẹ wá fi ìwọ̀nba àìròtẹ́lẹ̀ díẹ̀ kún un, kí ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tó kùnà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà má bàa padà wá pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìbéèrè náà sì máa gbé àkókò tó kù fún un kiri: bí ó bá ti sú oníbàárà, tó ti pa ojú ewé rẹ̀ dé, kò sídìí tí ẹ̀ka kẹrin á fi máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti lọ.

Ẹ̀ka tó kú kò burú tó ẹ̀ka tó ń falẹ̀. Èyí tó kú á já ọ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, wàá mọ ohun tí wàá ṣe. Èyí tó ń falẹ̀ á di ọ́ lọ́wọ́ mú, á di ẹni tó ń dúró dè ọ́ náà mú, títí gbogbo thread, ìyẹn ọwọ́ iṣẹ́ tó wà nínú sáfà, á fi tán sórí ìdúró. Torí èyí ni circuit breaker ṣe wà: bí ìpè sí ibì kan bá kùnà léraléra, ẹ dáwọ́ pípè é dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ fún oníbàárà ní ìdáhùn tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ wá máa rán ìbéèrè kan lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Netflix ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ pẹ̀lú Hystrix tí wọ́n fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2012. Ìkejì rẹ̀ ni kí ẹ pín agbára sáfà: thread tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀ka tó ń dábàá ọjà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kan náà pẹ̀lú ti ìsanwó. Bí àbá ọjà bá falẹ̀, kó falẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ka tó bàjẹ́ kò kú, olè ló wà nínú rẹ̀.

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fi gateway kan sẹ́nu ọ̀nà, kó yẹ tókìnì (àmì tó ń fi ìdánimọ̀ hàn) gbogbo ẹni tó ń wọlé wò, lẹ́yìn náà ẹni tó bá ti wọlé ti di ọmọ ilé. Nínú lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ka gba gbogbo ẹ̀ka gbọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìwé ìròyìn Washington Post fi ìwé àṣírí tí Edward Snowden tú síta gbé e jáde pé àjọ amí NSA ti Amẹ́ríkà àti GCHQ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ ohun tó ń kọjá lórí wáyà tó so àwọn ilé ẹ̀rọ Google pọ̀ mọ́ra, àti ti Yahoo pẹ̀lú. Láti ọ̀dọ̀ oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà, àdììtú ni ọ̀rọ̀ náà. Láàárín ilé ẹ̀rọ kan sí òmíràn, gbangba ló wà. Google yára sọ ti inú náà di àdììtú. Bí irú ilé iṣẹ́ yẹn bá lè rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé òun kì í ṣe inú ilé, kí ni àwa ń gbára lé?

Ẹ wo Equifax, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn, ní 2017. Àléébù kan wà nínú Apache Struts, sọ́fítíwíà kan tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì. Àtúnṣe rẹ̀ ti jáde ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta. Equifax ò fi sí i lórí ẹ̀rọ kan, olè sì wọlé ní oṣù karùn-ún. Ọjọ́ 29 oṣù keje ni wọ́n tó mọ̀. Ìsọfúnni àwọn ènìyàn tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ló lọ. Gbogbo èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe tí wọn ò fi sí i, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo nìyẹn. Ohun tó sọ ilẹ̀kùn kan di odindi ilé ni pé olè náà rí orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé níbi tí wọ́n kó wọn sí láì fi nǹkan kan bò wọ́n, ó sì fi wọ́n wọ dátábéèsì 48 tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ibi tó gbà wọlé. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa wo ohun tó ń jáde wà níbẹ̀ o, ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ìyẹn fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń fi ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn, ló ti kọjá ọjọ́, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìgbà tí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí tuntun sí i ni wọ́n tó rí olè.

Ti báńkì Capital One ní 2019 tún ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olè náà tan ẹ̀rọ ààbò iwájú jẹ, ó jẹ́ kó bá òun béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kíláòdù tó wà lórí rẹ̀, ó wá fi ìwé àṣẹ náà kó fáìlì oníbàárà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 100 ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti mílíọ̀nù 6 ní Kánádà ló kàn. Kí ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fẹ́ fi àṣẹ àtika fáìlì oníbàárà ṣe? Ìbéèrè yẹn nìkan ló yẹ kí ẹnì kan ti bi wọ́n. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Saltzer àti Schroeder ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1975 pé kí ohunkóhun má ṣe ní àṣẹ ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìdánimọ̀ tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, kí méjèèjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ sì máa yẹ ara wọn wò pẹ̀lú mTLS, ìlànà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ń fi ìwé ẹ̀rí han ara wọn. Kò tó kí ẹni tó ń pè nìkan mọ ẹni tó pè. Kí ó ní orúkọ tirẹ̀ nínú dátábéèsì. Ẹ̀ka tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ nílò orúkọ àti àdírẹ́sì ímeèlì, láti kà á lásán. Bí ẹ bá bá àṣẹ àtipa tábìlì rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbà á. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ gbogbo ìpè, àfi èyí tí ẹ dárúkọ. Àwòrán tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọfà tí kò bá sí níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe lórí ẹ̀rọ.

Ibì kan tí àwọn tó mọ iṣẹ́ dáadáa náà ti máa ń ṣubú nìyí. Ẹ̀ka ìrajà bi ẹ̀ka àkọsílẹ̀ pé, "Fún mi ní àkọsílẹ̀ 5012." Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé, mTLS pé, ẹ̀ka àkọsílẹ̀ dá a lóhùn. Ta ló ni àkọsílẹ̀ 5012? Kò béèrè. Oníbàárà tó ni 5011 ló yí nọ́ńbà padà nínú ojú ewé rẹ̀, ẹ̀ka ìrajà sì bá a jíṣẹ́ láìfura. Ìdánimọ̀ ẹ̀ka kò lè rọ́pò ìdánimọ̀ ẹni tí ẹ̀ka ń jíṣẹ́ fún. Kí tókìnì oníbàárà máa tẹ̀ lé ìbéèrè náà dé ibi tí ìsọfúnni wà, kí ibẹ̀ gan-an wò ó bóyá ẹni náà ló ni ohun tó ń béèrè. Bí tókìnì bá jẹ́ JWT, irú tókìnì tó ń gbé ìsọfúnni àti ìbuwọ́lù kiri, ẹ yẹ ìbuwọ́lù wò, ẹ wo ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ wo ìgbà tó máa kú, kí ẹ má sì jẹ́ kí tókìnì fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà tí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2015 ni àṣírí tú pé àwọn kóòdù kan ń gba tókìnì tó sọ pé òun ò ní ìbuwọ́lù rárá.

Mo ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ààbò àti ìfaradà máa ń ti ara wọn lẹ́yìn. Wọ́n máa ń jà o, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa sì ti le jù.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 2018, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù O2 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tó ń lò ó lé ní mílíọ̀nù 30, ṣàìní íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Ericsson tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣàlàyé pé ìwé ẹ̀rí kan nínú sọ́fítíwíà wọn ló kọjá ọjọ́. Ohun tí a fi ṣọ́lé ló tilẹ̀kùn mọ́ onílé. Èmi kì í gbà bí ẹnì kan bá ní ká máa lo ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún mẹ́ta ká lè sinmi. Èyí tó ń kú láàárín wákàtí 24 ni mo fẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè máa fọwọ́ yí ìyẹn padà lójoojúmọ́. Dandan ni kí ẹ̀rọ máa ṣe é, ohun tí ẹ̀rọ bá sì ń ṣe lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá kùnà ẹ máa mọ̀. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta, ẹni tó ṣe é ti lè kúrò níbi iṣẹ́.

Bí ẹ̀ka tó ń fàyè gba oníbàárà wọlé bá wá kú ńkọ́? Ṣé kí àwọn ẹ̀ka yòókù ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn, àbí kí wọ́n tì í mọ́ gbogbo èèyàn? Àwọn tó ń bójú tó ọjà á ní kí ẹ ṣí i, àwọn ti ààbò á ní kí ẹ tì í. Ẹ má dáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún odindi ètò. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò: ẹni tó fẹ́ wo àwòrán ọjà, kó máa wò ó, ẹni tó fẹ́ gbé owó tàbí yí àdírẹ́sì padà, kó dúró. Kí ẹ sì rántí pé bí olè bá mọ̀ pé ẹ máa ń ṣílẹ̀kùn nígbà tí ẹ̀ka yẹn bá kú, òun ló máa kọ́kọ́ pa. Á da ìbéèrè bò ó títí á fi dákú, á wá gba ẹnu ọ̀nà wọlé jẹ́jẹ́.

Ọ̀nà tó dín ìjà yìí kù ni pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbangba tó fi ń yẹ tókìnì wò sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó má bàa máa pe ẹ̀ka ìwọlé fún gbogbo ìbéèrè. Bí ẹ̀ka ìwọlé bá kú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn tó ti wọlé ò ní mọ̀. Ohun tí ẹ fi san án ni pé ẹni tí ẹ lé jáde ṣì lè máa rìn nínú ilé títí tókìnì rẹ̀ á fi kú. Ìṣẹ́jú 5 ni àbí 60? Nọ́ńbà yẹn dà bí ohun kékeré nínú fáìlì ètò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń yàn án lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú gbogbo àwòrán, n kò mọ ìpinnu kan tí ààbò àti ìfaradà ti fojú kojú tó ibẹ̀. Kí àgbà jókòó sí i.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, torí àṣẹ kan tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Irinṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà wọn ìbá fi tún un ṣe wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Àwọn tó lọ sídìí ẹ̀rọ fúnra wọn tún pẹ́ kí wọ́n tó ráyè, torí bí wọ́n ṣe ṣọ́ ibẹ̀ tó. Facebook sọ lẹ́yìn náà pé ààbò yẹn yẹ fún ohun tó ná àwọn, èmi náà sì gbà. Amazon ti rí irú rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2017 nígbà tí S3, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì pamọ́ sí fún oníbàárà, dákú: ojú ewé tí wọ́n fi ń sọ fún aráyé pé nǹkan bàjẹ́, orí S3 ló jókòó sí. Kí kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì kan wà níta ètò yín, nínú ibi tí ẹ tì pa, tó máa han fún gbogbo èèyàn bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì máa dán an wò. Èyí tí ẹ ò dán wò rí, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó lẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ ti yí padà.

Lórí ìdánwò, n kò ní pẹ́. Netflix ní ètò kan tó ń jẹ́ Chaos Monkey tó ń pa ẹ̀rọ wọn láìròtẹ́lẹ̀, ní àkókò iṣẹ́, nígbà tí ẹnjiníà wà lórí ìjókòó. Ó dára. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún àṣírí yín náà: lọ́sàn-án gangan, ẹ fagi lé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ẹ̀ka ìsanwó fi ń wọ dátábéèsì rẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó gba tuntun. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta àti ìpàdé mẹ́rin ló máa gbà, ẹ ti mọ iye ọjọ́ tí olè máa lò nílé yín.

Ẹnì kan bi mí kí n tó gorí pèpéle pé ẹ̀ka mélòó ló yẹ kí òun gé ètò òun sí. Ní 2023, ẹgbẹ́ kan ní Amazon Prime Video tó ń ṣọ́ bí fídíò ṣe ń dára sí kó ohun tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ padà sínú sọ́fítíwíà kan, wọ́n ní owó tí àwọn ń ná sórí rẹ̀ fi ìdá 90 nínú 100 wálẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ẹ gé e níbi tí gígé náà á ti dá jàǹbá dúró. Nọ́ńbà káàdì oníbàárà yẹ kó wà nínú ẹ̀ka tirẹ̀, pẹ̀lú dátábéèsì tirẹ̀, kí ìwọ̀nba ènìyàn máa fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka mẹ́fà tí ẹgbẹ́ kan náà ń tọ́jú, tí wọ́n ń lo dátábéèsì kan, tí ọ̀kan ò lè jáde lọ́jọ́ tí èkejì ò jáde, sọ́fítíwíà kan ni wọ́n, ọfà lẹ kàn fi kún un. Ẹ kó wọn padà pọ̀.